Nígbà Tí Ilé Bá Ń Yí: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Pé Etí Inú Lọ́hùn-ún Ló Ń Ṣe Yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí nǹkan bá ń ṣe etí, etí náà gbọ́dọ̀ máa dunni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Etí ìta a máa yúnni, a sì máa roni. Etí àárín a máa tani, ó lè mú ibà dání, ó sì lè máa ṣọyún. Ṣùgbọ́n etí inú lọ́hùn-ún, èyí tó fara pamọ́ sínú egungun orí, kì í sábà dunni rárá. Ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ké: ilẹ̀ á máa yí, ẹsẹ̀ ò ní dúró, ariwo kan á máa dún tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí kí etí kan kàn dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

Ó ṣe èmi náà rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yí ara padà sí ọ̀tún lórí ibùsùn, ni àjà ilé bá gbéra, ó ń yípo bíi fáànù. Mo di etí ibùsùn mú gírígírí. Kí n tó ka ení dé ogún, gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Mo pè é ní ibà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé oògùn mì, àjà ò yéé yí. Dókítà kan ló wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: ó máa ń pẹ́ tó báwo, kí lẹ ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣé etí yín méjèèjì ṣì ń gbọ́ bákan náà? Orí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo máa gbé ohun tó kù lé. Àmọ́ ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ọpọlọ

Àrùn rọpárọsẹ̀ tó bá mú ẹ̀yìn ọpọlọ lè jọ àìsàn etí bí ìbejì. Nítorí náà, bí òòyì bá ṣàdédé kọ́ ẹnì kan, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu? Ṣé ó ń rí nǹkan kan ní méjì? Ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, tàbí kò lókun mọ́? Ṣé ó ń ṣòro fún un láti gbé nǹkan mì? Ṣé orí ń fọ́ ọ bí kò ṣe fọ́ ọ rí, tàbí ọrùn ṣàdédé ń dùn ún? Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì sì wa ọkọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù ni ti ìrìn. Ẹni tí etí ń dà láàmú yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àmọ́ bó bá di ògiri mú, ó sábà máa ń lè rìn dé ilé ìtọ̀. Ẹni tí kò lè dìde dúró rárá, tàbí tó jókòó tó sì ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọpọlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí onítọ̀hún bá sì ti dàgbà, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró ka àmì kankan bí òòyì tó le náà kò bá tètè lọ.

Ohun tó wà níbẹ̀, ní ṣókí

Iṣẹ́ méjì ni etí inú lọ́hùn-ún ń ṣe. Apá kan ká bí ìkarahun ìgbín, ó yípo bí ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀; òun ló ń gbọ́ràn. Apá kejì jẹ́ ihò tín-ínrín mẹ́ta tó tẹ̀ bí òrùka, omi ló kún inú wọn; bí orí bá ti yí, omi náà á kẹ́yìn díẹ̀, ọpọlọ á sì mọ̀ pé orí ti yí. Nídìí àwọn ihò yìí ni àpò kékeré méjì wà, tí òkúta wínníwínní lẹ̀ mọ́ inú wọn. Òkúta yìí wúwo ju omi lọ. Ìwúwo rẹ̀ la fi ń mọ ibi tí òkè àti ilẹ̀ wà, bí a tilẹ̀ dijú. Ọ̀nà kan náà ni ìròyìn apá méjèèjì ń gbà dé ọpọlọ, ìyẹn iṣan ìkẹjọ nínú méjìlá tó so orí mọ́ ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí àìgbọ́ràn àti àìlèdúró fi máa ń rìn pọ̀.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń yí bírí-bírí ní kékeré, tí a ó dúró gbọn-in tí ilẹ̀ ò sì ní dúró. Omi inú àwọn ihò yẹn ni kò tíì sinmi. Etí tó ń ṣàìsàn ń sọ irú irọ́ kan náà fún ọpọlọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí.

Omi yìí kò fẹ́ òtútù. Robert Bárány, dókítà ará Ọ́sítríà, ṣàkíyèsí pé bí omi tí òun fi ń fọ etí aláìsàn bá tutù jù, òòyì á kọ́ onítọ̀hún, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí omi bá gbóná jù, ẹyinjú á máa ta sí òdìkejì. Iṣẹ́ tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ló fi gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914. Èyí tó kàn yín níbẹ̀ ni pé oògùn etí tó ti inú fíríìjì jáde lè mú òòyì ìṣẹ́jú díẹ̀ wá, tí kì í sì í ṣe àìsàn kankan. Ẹ di ìgò rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó kán an sétí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ irú òòyì tó jẹ́

"Òòyì ń kọ́ mi" la máa ń sọ fún ohun mẹ́ta tí kò jọra, dókítà ò sì lè mọ èyí tí a ní lọ́kàn.

Òòyì gidi ni èyí tí ilé ń yí, tàbí tó dà bíi pé àwa gan-an là ń yí, nígbà tí a dúró jẹ́ẹ́. Etí ló sábà máa ń wà nídìí irú èyí. Èkejì ni kí ojú ṣú, kí orí fúyẹ́, kí ó dà bíi pé a fẹ́ dákú, pàápàá bí a bá ṣàdédé dìde. Kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀, ebi, àìmu omi tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọkàn ni kí ẹ wádìí. Ẹ̀kẹta ni kí ẹsẹ̀ máa rìn bíi pé orí fóòmù là ń tẹ̀, kò yí, kò ṣú, àmọ́ kò dúró. Bí èyí bá burú sí i nínú òkùnkùn, tí ohun tí ẹ ń wò sì ń fò sókè sódò bí ẹ ti ń rìn, ó lè jẹ́ pé etí méjèèjì ló ti rẹ̀ lápapọ̀. Nígbà míì, ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò mọ ilẹ̀ mọ́, bó ṣe máa ń rí lára àwọn tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára wọn.

Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lára yín. "Ó dà bíi pé wọ́n fa ẹní lábẹ́ mi" wúlò fún dókítà ju orúkọ àìsàn tí ẹ kà níbì kan lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo aago

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìyíyí gan-an ni kí ẹ kà o, ẹ má ka èyí tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró, inú lè máa rú, ara lè má balẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, èèyàn á wá sọ fún dókítà pé "gbogbo ọjọ́ ni". Irọ́ kọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ó ti ṣì í lọ́nà.

Bí ìyíyí kò bá tó ìṣẹ́jú kan, tó sì ń wá nígbà tí ẹ bá yí lórí ibùsùn, tí ẹ gbójú sókè wo ibi gíga, tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ dìde, ó ṣeé ṣe kí òkúta wínníwínní yẹn ti já kúrò lójú ibùgbé rẹ̀, kó ti bọ́ sínú ọ̀kan nínú ihò mẹ́ta náà. Bí orí bá ti yí, òkúta á yọ̀ wálẹ̀, á ti omi, ọpọlọ á sì rò pé eré la ń sá yípo. Bó bá ti balẹ̀, ó parí, títí di ìgbà tí orí bá tún yí. Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn etí tó ń fa òòyì, òun náà ló sì rọrùn jù láti wò. Kì í ba ìgbọ́ràn jẹ́. Bí etí bá ti ń dún tàbí tó di nígbà tí òòyì dé, ẹ wá nǹkan mìíràn sí i.

Bó bá pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú, tó lè dé wákàtí méjìlá, tí etí kan sì ń dí, tó ń hó, tí kò gbọ́ràn dáadáa nígbà náà, àrùn Ménière ni dókítà máa rò. Ìgbọ́ràn á padà wá lẹ́yìn tó bá lọ, àmọ́ bọ́dún ti ń gorí ọdún, kì í padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohùn tó nípọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Orúkọ Prosper Ménière ni wọ́n fi pè é, dókítà ará Paris tó sọ ní ọdún 1861 pé etí ni irú òòyì bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ọpọlọ ni. Àṣìṣe ìgbà náà ṣì ń rìn káàkiri, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ibà là ń pè é báyìí.

Bó bá dé lójijì tí kò sì dáwọ́ dúró fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èébì ń gbé yín, tí ẹ ò lè gbórí, ó lè jẹ́ pé iṣan ìkẹjọ yẹn ló wú, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọ̀fìnkìn tàbí àìsàn kòkòrò àrùn mìíràn. Bí ìgbọ́ràn bá mọ́ bó ṣe wà, iṣan ìdúró nìkan ni. Bí ìgbọ́ràn bá bá a lọ, gbogbo inú etí ló ti kàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń jọ rọpárọsẹ̀ gan-an. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ẹ má fi ilé dán an wò.

Túúlu máa ń da gbogbo ìṣirò yìí rú. Ó lè yí ilé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè yí i fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà míì láìjẹ́ pé orí fọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo bá ń ni yín lára nígbà náà, tí ẹ sì ti ní túúlu rí, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí lẹ ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀?

Mo ti sọ ti yíyí lórí ibùsùn. Ẹ kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tó ń fà á, torí ẹ̀gbẹ́ náà ló sábà máa ń jẹ́ etí tó ní àrùn. Bó bá jẹ́ dídìde dúró nìkan ló ń fà á, tí yíyí lórí ibùsùn ò sì fà á, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ wọ̀n.

Àwọn kan wà tí ariwo ńlá, ikọ́ tàbí sísín máa ń mú kí ilé yí fún wọn. Wọ́n tún máa ń gbọ́ ohun tó yẹ kó ṣe wọ́n ní kàyéfì: ohùn ara wọn ń dún nínú orí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn ń dé etí, kódà bí ẹyinjú wọn ṣe ń yí wọ́n lè gbọ́ ọ. Wọ́n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní wèrè. Wèrè kọ́. Egungun tó bo ọ̀kan nínú àwọn ihò mẹ́ta náà ló lu. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Lloyd Minor, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1998. Àwòrán CT, irú X-ray tó ń fi egungun inú orí hàn kedere, ló ń fi í hàn.

Bí ìgbájú, ìṣubú tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣáájú, ẹ sọ ọ́ bó tilẹ̀ ti lé ní oṣù kan. Orí tó bá gbá nǹkan lè tú òkúta yẹn ká.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán etí wò níkọ̀ọ̀kan

Àìsàn a máa fi etí tó dáa bo èyí tí kò dáa. Ẹ gbé fóònù sí etí ọ̀tún, ẹ fetí sí ohùn kan, kí ẹ gbé e sí òsì láìfọwọ́ kan ohun tó ń dín in tàbí tó ń gbé e sókè. Ṣé ó rẹlẹ̀? Ṣé ó dún bí ìgbà tí wọ́n lu irin, tàbí ó ga ju ti etí kejì lọ? Lẹ́yìn náà, níbi tó pa lọ́lọ́, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ara wọn lẹ́bàá etí kan, kí ẹ ṣe é lẹ́bàá èkejì.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ máa kùn "hùùùn" láìdáwọ́ dúró, kí ẹ wá fi ìka di etí kan. Ohùn náà á sá lọ síbi ìka, àbí? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí ìdọ̀tí tàbí omi bá di etí: kíkùn á wọ inú etí tó di. Ẹ yọ ìka kúrò, kí ẹ tún kùn. Bí etí òsì yín bá di lójijì, tí kíkùn sì ń dún sí ọ̀tún, etí tó dáa, inú lọ́hùn-ún ni kí ẹ fura sí. Kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, dókítà ní irin olórí méjì tó ń dún tó fi ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú yín kúrò lórí ibùsùn.

Ó sì yẹ kó mú yín kúrò. Etí tó ṣàdédé kú láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ pàjáwìrì, bí kò tilẹ̀ dunni rárá. Oògùn steroid, èyí tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ni wọ́n máa ń lò, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrètí ti dín kù púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìdọ̀tí etí ni, kó kọ́kọ́ tan iná wo inú rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fún yín ní oògùn tí wọ́n ń kán sétí láìwò ó.

Ní ti ariwo inú etí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Etí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń hó bí ibi gbogbo bá ti pa rọ́rọ́. Etí kan ṣoṣo tó ń hó, tí ìgbọ́ràn rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ló ń fẹ́ àyẹ̀wò, torí kókó kan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè máa dàgbà lórí iṣan ìkẹjọ. Ariwo tó ń lù kì-kì-kì pẹ̀lú ọkàn náà ń fẹ́ àyẹ̀wò; ẹ di ọrùn ọwọ́ yín mú, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń lù pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ya fídíò ojú yín

Nígbà tí òòyì bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ la ojú, kí ará ilé kan fi fóònù ya ẹyinjú yín fún ìṣẹ́jú kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí etí bá ń ṣe yín, ẹyinjú á máa rọra yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì ta padà fìrì, léraléra. Àsìkò tí ẹ bá máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti lè lọ pátápátá, fídíò yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Bí ẹyinjú bá ń ta sókè sódò nìkan, tàbí tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà bí ẹ bá ṣe ń wo ọ̀tún tàbí òsì, ó lè jẹ́ ọpọlọ. Ẹ padà sí ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kó gbogbo oògùn jáde

Gentamicin, streptomycin àti amikacin, tí wọ́n sábà máa ń gún bí abẹ́rẹ́, lè pa etí inú lọ́hùn-ún lára, ìgbà míì lẹ́yìn tí èèyàn ti lò wọ́n tán. Cisplatin tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Quinine àti aspirin tó pọ̀ jù lè mú kí etí máa hó. Ti aspirin sábà máa ń lọ bí wọ́n bá dá a dúró. Ẹ má fúnra yín já oògùn kankan sílẹ̀ o. Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ.

Ọmọdé ò lè sọ pé ilé ń yí. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ó ṣàdédé di nǹkan mú, ojú rẹ̀ funfun, ó kọ̀ láti rìn, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Tàbí kó pẹ́ kó tó rìn, kó máa ṣubú lálẹ́ ju ọ̀sán lọ, kó máa gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Àgbàlagbà ní tirẹ̀ lè má ròyìn òòyì kankan. Á kàn máa ṣubú.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló dáa jù. Ẹ má ki òwú tàbí igi sí etí kí ẹ tó lọ, ẹ má sì da òróró gbígbóná sí i. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn tó ń pa òòyì àti èébì, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà fún. Bí ẹ bá ń gbé e mì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní jẹ́ kí ọpọlọ kọ́ bó ṣe máa bá etí tó ti yí padà ṣiṣẹ́. Títí òòyì á fi lọ, ẹ má wakọ̀, ẹ má gun àkàbà, ẹ má sì dá wẹ̀ nínú omi tó jìn.

Ìwé tí mo gbé lọ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́:

*Ajé, 5:40 àárọ̀. Yí sí ọ̀tún. Ilé yí, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Inú rú. Etí kò dún.*

*Ìṣẹ́gun. Yí sí òsì, kò sí nǹkan. Yí sí ọ̀tún, ó tún yí, 15.*

*Ọjọ́rú. Gbójú sókè wá ìgò lórí pẹpẹ. 10. Di ògiri mú.*

Dókítà náà kà á, kò tilẹ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní kí n jókòó sórí ibùsùn, ó yí orí mi sí ọ̀tún, ó sì dà mí dùbúlẹ̀ kíákíá títí orí mi fi rọ̀ kọjá etí ibùsùn. Àyẹ̀wò Dix-Hallpike ni wọ́n ń pè é, láti 1952. Ilé gbéra. "Ẹ má dijú," ó ní, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń wo bí ẹyinjú mi ṣe ń fò. Nígbà tó dúró, ó yí orí mi sí òsì, ó dúró díẹ̀, ó yí gbogbo ara mi tẹ̀lé e títí mo fi ń wo ilẹ̀, ó sì gbé mi jókòó. Ọgbọ́n Epley nìyẹn, tó ń dá òkúta padà sílé rẹ̀. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo dùbúlẹ̀, mo rọra yí sí ọ̀tún, mo sì tẹjú mọ́ àjà.